Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń mójú tó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbègbè Ògbómọ̀ṣọ́,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó.

Ìwé àṣẹ yín tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta yìí ló fa lẹ́tà wa. Ẹ ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lo ìwé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tuntun tí ẹ tẹ̀ jáde, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ nǹkan kún gbogbo ojú-ìwé rẹ̀ kí sáà tó parí, ẹ sì ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá ka iye ojú-ìwé tó kún. A ti ka ìwé náà láti páálí dé páálí. A dán iṣẹ́ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú omi kànga wa, oòrùn wa, àti ohun tí a rí rà ní Sábó àti Tákíé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí bí ìwé ṣe wí. Àwọn kan kò lè rí bẹ́ẹ̀ níbí láéláé. Ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó lè jó ọmọ.

Nígbà tí iṣẹ́ kò bá rí bí ìwé ṣe wí, tí alábẹ̀wò sì ń bọ̀ wá ka ojú-ìwé, ọ̀nà méjì ló kù fún tíṣà. Ó lè jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sí i pé kò gbà á. Ó sì lè kọ ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé sójú bọ́ọ̀dù, kí gbogbo kíláàsì dà á kọ. Ẹ mọ èyí tí tíṣà tó ní àádọ́rin ọmọ níwájú máa mú. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ láti kọ ohun tí kò rí nìyẹn, tí a sì ń pè é ní sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Iṣẹ́ ewé àti sípíríìtì. Èyí kò lè dúró de ìpàdé kankan. Ìwé ní kí a da sípíríìtì sínú agolo, kí a gbé e ka orí sítóòfù, kí a fi se ewé títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi jáde. Omi sípíríìtì fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbiná, oru tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í lọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ agolo ló ń gbà ṣàn wálẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni iná sítóòfù ń dúró dè é. Tí agolo bá gbiná, ẹni tó bá fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ yóò da á sára ara rẹ̀ tàbí sára ọmọ tó dúró tì í.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ se omi lásán nínú ìkòkò títí yóò fi hó. Ẹ fi ewé sínú omi híhó yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná. A kò ní kí ẹ dín in kù o, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ sì gbé sítóòfù jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìgò sípíríìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ lè wọlé. Ẹ da ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ife kékeré, ẹ ti ewé bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé ife náà jókòó sínú omi gbígbóná inú ìkòkò. Nǹkan bí 78 °C ni ọtí inú sípíríìtì ti ń hó, nítorí náà omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, sípíríìtì á di àwọ̀ ewé, ewé fúnra rẹ̀ á ṣí, á sì gan bíi pépà. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó lè rọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, kí ẹ wá kán áyódíìnì sí i. Ibi tí sítáàṣì, ìyẹn oúnjẹ tí ewé ń tọ́jú sínú ara rẹ̀, bá wà á dúdú bí aró.

Ìwé ní kí ọmọ já ewé bọ̀ láti ilé láàárọ̀. Ewé tí wọ́n já láàárọ̀ kùtù ti lo èyí tó pọ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ lóru, kò ní dúdú dáadáa, ọmọ á sì rò pé òun ló ṣe é tì. Ọ̀sán ni kí a já a, lára igi tó ti wà nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ewé máńgòrò tàbí ewé kajú. Àwọn méjèèjì yìí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yóò kọ́kọ́ gbé wá, nítorí kò sí àgbàlá tí wọn ò sí, bẹ́ẹ̀ ewé wọn nípọn, ó ń dán, sípíríìtì kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ewé tó fẹ́lẹ́ tó sì rọ̀ ni ká wá. Ẹ má lo ewé àlùbọ́sà, ṣúgà ló ń tọ́jú, kì í tọ́jú sítáàṣì. Áyódíìnì ojú egbò tí a rà ní kẹ́míìsì ńkọ́? Ìwọ̀n kan sí omi mẹ́wàá. Bí a kò bá là á, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á bo ohun tí a fẹ́ rí.

Nígbà tí a ti dé orí sítáàṣì, ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e ní kí ọmọ dán ápù, búrẹ́dì àti ànàmọ́ wò. Búrẹ́dì àti ànàmọ́ kò burú. Kí ni ápù ń wá níbẹ̀, níbi tí iṣu, gàrí, láfún, ẹ̀wà, iyọ̀ àti ṣúgà wà ní gbogbo ilé ìdáná? Kìkì pé kí a kìlọ̀ ohun méjì fún tíṣà. Ẹ má fi ẹ̀lùbọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti dúdú tẹ́lẹ̀, àyípadà kò ní hàn. Ẹ má sì kán áyódíìnì sórí ẹ̀bà tàbí iṣu tó ṣì gbóná, nítorí ooru kì í jẹ́ kí àwọ̀ dúdú náà dúró. Tó bá tutù, á padà wá. Èyí nìkan tó ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Kí ọmọ kankan má sì jẹ ohun tí a ti kán áyódíìnì sí.

2. Òjìji ọ̀sán. Ìwé ní kí ọmọ ri igi mọ́lẹ̀, kí ó wo òjìji rẹ̀, kí ó sì kọ pé òjìji kúrú jù lọ ní agogo 12, ó sì kọjú sí àríwá. Ọ̀nà méjì ni gbólóhùn kan ṣoṣo yìí fi ṣìnà fún wa.

Àkọ́kọ́ ni aago. Ìlà òòró (longitude) 15° ní ìlà-oòrùn ni wọ́n fi gbé aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò kalẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí lórí ìlà yẹn, nǹkan bí 4¼° la wà. Oòrùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìwọ̀n 10¾ ní ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 43. Tí a bá pín gbogbo ọdún lọ́gba, agogo 12:43 ni oòrùn ń dé ibi tó ga jù lójú ọ̀run wa. Kì í sì dúró sójú kan: ní àárín oṣù Kejì ó ń pẹ́ tó nǹkan bí 12:57, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ó ń yá dé nǹkan bí 12:27. Ọ̀yọ́ fi bí ìṣẹ́jú kan pẹ́ jù wá lọ, nítorí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa díẹ̀. Ọmọ tó bá fi òótọ́ inú wọn òjìji ní agogo 12, tó tún wọ̀n ọ́n ní 12:40, á rí i pé èyí ìkẹyìn ló kúrú jù. Á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé á ní ó kùnà.

Èkejì ni ibi tí òjìji kọjú sí. Ẹni tó ń gbé ní London, àríwá ni òjìji ọ̀sán rẹ̀ ń kọjú sí ní gbogbo ọdún. Tiwa yàtọ̀. Nǹkan bí 8° péré la fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Láti nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹjọ, apá àríwá wa ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, gúúsù sì ni òjìji ń kọjú sí. Sáà kẹta tí ẹ fi iṣẹ́ yìí sí bọ́ sáàárín àkókò yẹn gẹ́lẹ́! Igi tó ga ní mítà kan, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, òjìji rẹ̀ tó kúrú jù jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 27, sí gúúsù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 61, sí àríwá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn á dúró gangan lórí wa, igi tó nà ró ṣánṣán kò sì ní ní òjìji kankan. Ọmọ London kò lè rí ìyẹn ní ìlú rẹ̀ láéláé. Ohun tó yẹ ká fi tàn ọmọ wọ inú ìmọ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni ìwé yín ní kó pa rẹ́.

Ẹ kọ ọ́ báyìí dípò rẹ̀. Kí igi yọ ní mítà kan géérégé sókè ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ọmọ so òkúta mọ́ òwú, kó fi wò ó láti ọ̀nà méjì bóyá igi dúró ṣánṣán, nítorí igi tó fì ní ìwọ̀n méjì péré lè mú òjìji yẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Láti agogo 12:15 títí di 1:10, kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Orí òjìji kì í mú ṣáká, etí rẹ̀ máa ń rí fírífírí. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ máa sàmì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìṣirò wọn má baà lọ́. Kí ẹnikẹ́ni má wo oòrùn. Kí wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n fi ìwé méjèèjì wéra. Iṣẹ́ ọdún kan nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ.

3. Àbẹ́là nínú ìgò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: a gbé àbẹ́là sínú àwo omi, a tàn án, a fi ìgò dé e, iná kú, omi gòkè nínú ìgò. Ìwé ní ọ́síjìn ni iná jẹ tán, pé ìdá kan nínú márùn-ún ni omi fi gòkè, nítorí pé ìdá kan nínú márùn-ún ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́.

Òótọ́ ni pé ọ́síjìn tó nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé omi ń gòkè. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ nínú ìwé yẹn ni kò jẹ́ òótọ́. Iná àbẹ́là máa ń kú nígbà tí ọ́síjìn ṣì pọ̀ nínú ìgò, kì í jẹ ẹ́ tán. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fa omi. Bí a ṣe ń fi ìgò dé iná, ooru ti mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sóde, ẹ ó rí i bó ṣe ń hó gùrùgùrù létí ìgò. Nígbà tí iná kú, èyí tó kù tutù, ó súnkì, afẹ́fẹ́ òde sì ti omi wọlé.

Ọmọ fúnra rẹ̀ lè já irọ́ yìí bí ìwé bá fún un láyè. Kí ó wò ó dáadáa: ìgbà wo ni omi gòkè jù? Lẹ́yìn tí iná ti kú ni. Bó bá jẹ́ pé jíjẹ ọ́síjìn ló fà á, díẹ̀díẹ̀ ni omi ì bá máa gòkè látìgbà tí iná ti ń jó. Kí ó wá tan àbẹ́là mẹ́ta pọ̀ lábẹ́ ìgò kan náà. Omi á gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn inú ìgò kò pọ̀ sí i. Kí ni ìwé máa sọ síyẹn?

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ rí ìdá kan nínú márùn-ún lóòótọ́, kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ni kí ẹ wá. Ẹ rẹ ìwọ̀n bí àtàǹpàkò nínú fínígà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òróró ara rẹ̀ lè kúrò, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tú u ká, kí ẹ tì í mọ́ ìdí ìgò tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kó má lè jábọ́. Ẹ dojú ìgò dé inú àwo omi, kí ẹ fi báírò fa ìlà sí ibi tí omi wà. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Irin á dípẹtà, ìpẹtà náà á lo ọ́síjìn, omi á gòkè dé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, á sì dúró níbẹ̀. Bí kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irin kéré jù tàbí kí òróró ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ rí i pé omi inú àwo kò gbẹ kúrò létí ìgò kí ọjọ́ náà tó pé.

4. Ìwé yín kò mọ òjò yàtọ̀ sí ọyẹ́. Ojú-ìwé iná tí a ń rí láti ara fífi nǹkan ha nǹkan, ìyẹn kí ọmọ fi báírò ha irun orí gbígbẹ kó lè fa ègé pépà, sáà kẹta lẹ fi sí. Ẹ dán an wò báyìí tí òjò ń rọ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń bo ara báírò, iná náà sì ń gba ibẹ̀ sá lọ kó tó fa ohunkóhun. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú ètè là, pépà á fò mọ́ báírò láti ibi tó jìnnà, aṣọ ọ̀rá á sì máa ta pàrà lára ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ojú-ìwé yẹn lọ sí sáà kejì. Ẹ gbé ti gbígbẹ omi lọ pẹ̀lú rẹ̀: aṣọ méjì tí a rẹ bákan náà, ọ̀kan ní ìta, ọ̀kan nínú ọ̀rá tí a dì lẹ́nu. Tí wọ́n bá tún un ṣe ní oṣù Kẹfà, wọ́n á mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka á sí wọn létí. Kí àwòrán ìgbà mẹ́rin ọdún, ti yìnyín àti ti igi tó ń wọ́wé, padà sílé ẹni tó ni ín.

5. Pépà litmus, ìyẹn pépà tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bó bá kan ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀. Ìwé dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ojú-ìwé, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí. Kò pọn dandan. Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò wà ní gbogbo ọjà wa, ó sì ń ṣe ju litmus lọ, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ju méjì lọ.

Ìkúnwọ́ ìṣápá gbígbẹ kan sí ife omi gbígbóná méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ ní ṣúgà, atalẹ̀ tàbí ohun aládùn kankan nínú, nítorí náà sóbò inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì kò ṣeé lò. Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á bu sóbò kún ife, wọ́n á wá kán ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò sínú rẹ̀. Sóbò fúnra rẹ̀ kan, ásíìdì wà nínú rẹ̀. Tí ó bá pọ̀ jù, á pa agbára omi ọṣẹ tàbí omi kánún kó tó fara hàn, ọmọ á sì kọ pé kò sí àyípadà. Ẹ yí i padà. Ṣíbí ìjẹun kan ohun tí a fẹ́ dán wò, ẹ̀kán sóbò márùn-ún péré, nínú ife funfun.

Ọsàn wẹ́wẹ́ á mú un pupa fòò. Omíkan á mú un pupa bákan náà. Omi iyọ̀ àti omi ṣúgà kò ní yí i padà lọ títí. Omi ọṣẹ àti omi kánún á gbé e lọ sí àwọ̀ ewé tó ní aró díẹ̀. Omi eérú tó ti tòrò á mú un di àwọ̀ ewé, tó bá le gan-an á di pupa rúsúrúsú. Omi eérú yìí kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹ̀kọ́ náà ti délé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jó ojú: tíṣà ni kó bu ú fún wọn, kí omi tó mọ́ wà nítòsí. Sóbò tí kò sí nínú fíríìjì kì í ju ọjọ́ méjì lọ kó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kó rẹ pépà funfun nínú èyí tó ki, kó sá a sábẹ́ òjìji, kó gé e wẹ́wẹ́, kó dì í sínú ọ̀rá.

6. Àwọn kéékèèké. Omi wa kì í hó ní 100 °C. Ògbómọ̀ṣọ́ fi nǹkan bí mítà 350 ga ju òkun lọ, nǹkan bí 99 °C ni omi ti ń hó níbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sí ọmọ tó ka tẹmómítà rẹ̀ dáadáa. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì alábẹ́rẹ́ tí ìwé yà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́jà mọ́, LED, ìyẹn gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ló kún inú tọ́ọ̀ṣì: èyí tó funfun nílò nǹkan bí fóltì mẹ́ta, ìyẹn bátìrì méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn gbọ́dọ̀ kọjú sí orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, bí a bá fi sódì kò ní tàn. Ìwé kò sọ èyí, ọmọ á sì rò pé ó ti jó. Ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má fi nǹkan kan kan iná NEPA.

Òdòdó tulip kò sí níbí. Òdòdó ilá tóbi, ẹ̀yà ara rẹ̀ hàn kedere, àmọ́ àárọ̀ ló ń là, ó ti ń rọ lọ́sàn-án, nítorí náà àkókò kìíní lẹ́yìn àsẹ́ńbílì ni kí iṣẹ́ náà wà. Ẹ sì ṣàlàyé pé akọ rẹ̀ so pọ̀ bí ọ̀pá kan tó yí abo ká, kò tú ká bíi ti àwòrán. Ẹ̀wà tí ìwé ní kí a retí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ló fi ń hù nínú ooru wa. Kí ẹ̀wà náà má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n da oògùn kòkòrò sí, nítorí ọwọ́ ọmọ.

7. Bí a ṣe to ojú-ìwé fúnra rẹ̀. Ìwé yín fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìdáhùn, ó sì kọ ìdáhùn náà sẹ́yìn. Ìlà mẹ́ta ni ká fún ọmọ, ní Yorùbá: Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Kí ni ojú rẹ rí? Kí lo rò pé ó fà á? Kí ó fi báírò kọ ti àkọ́kọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì pa á rẹ́. Tí ti àkọ́kọ́ bá yàtọ̀ sí ìkejì, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Yorùbá kò fa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sẹ́yìn o. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Kò yẹ kó jẹ́ ní ọdún yìí ni ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Oríire á máa há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí kó tó lè sọ pé òun rí omi tó gòkè.

Ní ti kíka ojú-ìwé tó kún, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Alábẹ̀wò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kọ́ nǹkan, kó mú ọmọ mẹ́fà, kó gbé ohun èlò kalẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan lójú òun. Ogún ìṣẹ́jú á tó o.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Kí ojú-ìwé ewé àti sípíríìtì jáde kúrò nínú gbogbo ìwé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀. Kí kíka ojú-ìwé dúró ní sáà yìí. Kí ìdáhùn kúrò lẹ́yìn ìwé, kí ó wà lọ́wọ́ tíṣà nìkan, pẹ̀lú àlàyé ohun tó lè ṣàì lọ déédéé àti ìdí rẹ̀. Kí ẹ tún ìwé tò gẹ́gẹ́ bí òjò àti ọyẹ́ ṣe ń wọlé. Kí a tó tún tẹ ojú-ìwé kankan, kí tíṣà méjì dán an wò nílé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan nígboro, ọ̀kan ní Oríire, ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì gba àpótí kan: áyódíìnì, sípíríìtì lítà kan, àbẹ́là, kànrìnkàn onírin, bátìrì, LED mẹ́wàá, wáyà, tẹmómítà kan, rúlà mítà kan, àti garawa iyanrìn tí a ó fi pa iná. Òòfà, a lè tú u lára gbohùngbohùn rédíò tó bàjẹ́, ẹ má náwó síyẹn.

Àwa ti kọ àwọn ojú-ìwé tí a tún ṣe sílẹ̀ lọ́wọ́, ti òjìji, ti àbẹ́là, ti ìṣápá àti ti ewé. Ẹ lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó dá wa lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ri igi mítà kan mọ́ àgbàlá ọ́fíìsì yín. Ẹ jáde síbẹ̀ ní agogo 12:45, kí ẹ wo apá ibi tí òjìji rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ sì wá ṣí ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé wò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́